Àgbàdo Òkè Òkun

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi gbè é bí mo bá dá orin. Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Òkété olówó àti ìyá kan tí ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ni ó lówó jù láàrin gbogbo ẹranko. Àrán ni ó ń wọ̀ láàárọ̀, sányán ni ó ń wọ̀ lọ́sàn-án. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún pààrọ̀ fìlà. Ilé rẹ̀ wà lórí òkìtì, fèrèsé rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rí oko rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ìsọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bọ̀rọ̀kìnní, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?"

Òkété gẹ fìlà. "Òwò òkè òkun ni."

"Ẹ ò mà rìnrìn àjò rí!"

"Òwò mi ló ń rìn. Gba ẹ̀pà yìí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kó ẹ̀pà sẹ́nu. Kò ráyè béèrè mọ́. Báyìí ni Òkété ṣe ń fi ẹ̀bùn dí ẹnu gbogbo ìlú.

Létí ìlú ni Ìyá Àparò ń gbé. Opó ni, ó bí ọmọ mẹ́fà. Àyọ̀ká, ọmọbìnrin, ni àkọ́bí. Ìdì àgbàdo kan ṣoṣo ni ìyá yìí fi pamọ́ sínú aká fún irúgbìn. Etí ìró rẹ̀ ni ó ya láti fi dì í. Ó ta kókó mẹ́fà sí i, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ta á ni ó ń pe orúkọ wọn.

Nígbà tí òjò ku díẹ̀ kó dé, ó ṣí aká. Àgbàdo ti pòórá! Kí ni yóò gbìn? Kí ni àwọn ọmọ yóò jẹ?

Òkété gbọ́, ó ránṣẹ́ sí i. "Ìyá Àyọ̀ká, fún mi lọ́mọ yẹn kí n bá ọ tọ́ ọ. Yóò máa bá mi bójú tó àwọn ọmọ mi. Èmi yóò fún ọ ní àgbàdo."

Fífi ọmọ fún olówó tọ́ kì í ṣe ìtìjú láyé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í pọ̀ lójú ìyá. Ó sunkún títí, ó sì gbà. Ó fi òrí pa ọmọ lára, ó dá orin:

Àyọ̀ká, má gbàgbé mi o,
*Jẹ́jẹ́, ọmọ mi.*
Bí o bá jẹun yó, rántí àbúrò,
*Jẹ́jẹ́, ọmọ mi.*
Bí wọ́n bá nà ọ́, pe orúkọ mi,
*Jẹ́jẹ́, ọmọ mi.*

"Ìyá mi, ṣé ẹ ó máa wá wò mí?"

"Lójoojúmọ́."

"Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn yín ńkọ́?"

"Màá wọ́ wá."

Òkété dé nínú àrán tuntun, Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kì í níwájú. Ó gbé ìdì kan kalẹ̀. "Àgbàdo òkè òkun rèé! Kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ yìí."

Ìyá Àparò kúnlẹ̀ láti gbà á. Ọwọ́ rẹ̀ kan kókó àkọ́kọ́. Ó kan èkejì. Ó kà á dé ẹ̀kẹfà, ó sì gbójú sókè.

"Baba Olówó, ta ló mọ iye ọmọ mi lókè òkun?"

"Ọmọ kẹ̀? Àgbàdo ni mo ní!"

"Kókó mẹ́fà ni mo ta. Etí ìró mi rèé." Ó na ìró rẹ̀. Ibi tó ya bá ìdè náà mu rẹ́gí.

"Ebi ló ń pa ọ́. Ṣé ìwọ nìkan ló mọ kókó ta ni?"

"Ẹ máa lọ, Baba. Àgbàdo mi ò lọ, ọmọ mi ò sì lọ." Ó fa Àyọ̀ká sábẹ́ apá.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tu ẹ̀pà ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀pà tèmi náà sọnù lọ́dún tó kọjá!"

Àwọn ẹranko ìlú gbọ́, ni oníkálukú bá sáré lọ wo aká rẹ̀. Ihò wà lábẹ́ gbogbo wọn, ojú ihò gbogbo sì kọ sí òkìtì Òkété. Bí wọ́n ṣe ń bínú lọ síbẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Omi wọ inú àwọn ihò, ó ṣàn lọ sábẹ́ òkìtì. Òkété ti gbẹ́ inú òkìtì náà tán, ni ilé bá rì wọ̀ọ̀!

Òkété fi ọwọ́ lérí. "Yéè! Àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀!"

"Jẹ́ kí òwò òkè òkun yọ wọ́n!" ni àwọn ẹranko wí.

Ìyá Àparò ti kọjá wọn. "Ṣé ọmọ ló jalè?" Ó ń fi èékánná wa ẹrẹ̀. Àyọ̀ká bá a wà á. Ojú ti àwọn tó kù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkété náà ń wa ẹrẹ̀, tàrán-tàrán.

Wọ́n yọ àwọn ọmọ Òkété mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàyè. Lẹ́yìn wọn, ẹní tuntun kan jáde nínú ẹrẹ̀, ẹní tí ẹnì kankan kò tíì sùn lé.

"Ta ló ni ẹní yìí?" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bi àwọn ọmọ náà.

"Ti Àyọ̀ká ni. Ẹ̀gbẹ́ wa ni Baba ní kó máa sùn."

Ìyá Àparò di ọmọ rẹ̀ mú pinpin títí òjò fi dá. Òkété ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, kì í jáde lójú mọmọ mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n: bí ọlá kan bá ń tàn tí a ò mọ ibi tó ti wá, ẹ kí i, ṣùgbọ́n ẹ má sùn sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí ebi bá pa wá, a ó jọ jẹ ìwọ̀nba tó wà. Mo fẹ́ máa kà yín pé nílé.