Ẹní Tó Bo Fèrèsé Gbọ̀ngàn Ìlú

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò dúró lọ́nà, ọrùn Òkété ló bà lé.

Òkété ló ń ru epo àtùpà lọ sí gbọ̀ngàn ìlú ẹranko. Ìjòyè tuntun kọ̀ọ̀kan a máa fi ẹní oyè rẹ̀ bo fèrèsé kan níbẹ̀, títí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Erin ní kí wọ́n fi àtùpà kún un. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n fi kún un. Ẹkùn náà ní kí wọ́n fi kún un. Ọrùn Òkété fẹ́rẹ̀ẹ́ kán!

Nígbà tí wọ́n fi Òkété náà joyè, ó tẹ́ ẹní tirẹ̀, ó jókòó lé e. "Ẹ̀yin àgbà, ilẹ̀ la ń tẹ́ ẹní sí." Ó wá dárin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ ká ẹní o!
Kí oòrùn wọlé!

Wọ́n ká gbogbo ẹní, oòrùn wọlé, wọ́n pa àtùpà. Òkété mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ fọnfọn.

Àlọ́ mi parí o. Adéòtí ọmọ mi, lọ pa fìtílà yẹn. Ṣé òṣùpá yìí ò tó wa ni?