Orin Tí Òkété Fi Ń Ta Àdí

Ẹ̀yin ọmọ mi, àlọ́ o. Ẹ dáhùn: àlọ̀ o. Àlọ́ mi dá lórí Òkété, opó tó ń ta àdí. Kò rówó san fún akéde, ó bá ń fi ìtàn ara rẹ̀ kọrin lọ́jà. Ẹ bá mi gbè é:

Ọmọ mẹ́ta ń bá mi pa ẹ̀kùrọ́,
*Àdí ọlọ́mọ!*
Lẹ́yìn àpáta la ń gbé,
*Àdí ọlọ́mọ!*

Lọ́jà kìíní, Ìgalà nìkan ló rà á. Lọ́jà kejì, èrò pé lé e lórí. Lọ́jà kẹta, Òjòlá dé.

Ó ní, “Ìyá, apá ibo lẹ́yìn àpáta?”

Inú Òkété dùn sí oníbàárà tuntun. Ó ní, “Apá ìlà-oòrùn ni.”

Nígbà tó délé, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Òjòlá ló bá lẹ́nu ihò, ikùn rẹ̀ wú, kò lè rìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ìtàn yín tajà, ẹ má fi ojúlé yín kọrin. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí.