Nígbà Tí Wọ́n Hú Peregún Ààlà

Awakọ̀ katakata ní irin ìtúlẹ̀ òun kò lè ráyè yípo láàárín oko tóóró-tóóró, àfi kí wọ́n hú peregún ààlà. Wúràọlá di peregún tirẹ̀ mú. Opó ni, Akíndélé àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ti ń ṣojú kòkòrò sí ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.

"Bí peregún bá lọ, ta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí mi?"

"Àwa tá a jọ pààlà ni, Ìyá Dàda!" ni àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ dá a lóhùn.

Akíndélé rẹ́rìn-ín. "Ẹnu ò ní gbòǹgbò o!"

Wọ́n túlẹ̀ tán, gbogbo oko di ọ̀kan. Nígbà tí Akíndélé gbé ọkọ́ dé, ó bá àwọn aládùúgbò oko náà lórí ààlà, oníkálukú dúró gbọn-in sójú ibi tí wọ́n ti hú peregún. Kò ríbi fẹsẹ̀ sí.

Wúràọlá pa ìka pọ̀, ó fi lu àyà gbàà. "Ọkọ mi, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!"