Ìjàpá tí Àwẹ̀ró Sọ di Dàda

Ìyá Fọlábọ̀ jókòó sórí àpótí, àwọn ọmọ agbo ilé sì yí i ká.

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn títí, ó dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró, ó jókòó."

Ní ìgbà kan rí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó pẹ́ tó ti ń wá ọmọ, kò rí. Lọ́jọ́ kan tó ń ti oko bọ̀, ó rí Ìjàpá kékeré kan lábẹ́ ewé ẹ̀gẹ́. Ó nù ún, ó pọ̀n ọ́n wálé, ó sì sọ ọ́ ní Àkànjí.

"Ó pọn Ìjàpá?" Gbénró béèrè. "Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó le yẹn?"

"Ọ̀já méjì ló fi dì í. Àbí ìwọ lo fẹ́ bá a pọ̀n ọ́n?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró kẹ́ Àkànjí. Kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí òkúta má baà gún un. Bó bá fẹ́ jẹ iṣu, ìyá á gún un. Bó bá fẹ́ jẹ ewé, ìyá á lọ̀ ọ́ kúnná. Kò sí ohun tí Àkànjí ń fẹnu gé, kò sí ibi tó ń fẹsẹ̀ rìn dé.

Ni èékánná rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Ó gùn, ó gùn, ó ká bí ìwo àgbò. Ẹnu rẹ̀ náà, tó le bí ẹnu ẹyẹ, gùn wá sísàlẹ̀, ó bo àgbọ̀n.

Àwẹ̀ró wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wò ó o! Dàda ni ọmọ mi! Kò ní irun lórí, ló bá gba ẹnu àti èékánná yọ!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í dédé gé irun Dàda. Àwẹ̀ró so owó ẹyọ mọ́ èékánná Àkànjí, ó se ẹ̀wà ìkòkò ńlá kan, ó pe ará àdúgbò, ènìyàn àti ẹranko.

Wọ́n jẹ, wọ́n súre. "Dàda á dàgbà o!" Ẹnì kan ṣoṣo ni kò jẹ: Dàda fúnra rẹ̀. Ó ya ẹnu, ẹ̀wà kò wọlé. Ó fẹ́ mu ẹ̀kọ, ẹ̀kọ dà sílẹ̀.

"Kò wù ú jẹ ni," Àwẹ̀ró wí. "Dàda a máa ní ìwà tirẹ̀."

Òkété, tó ń jẹ ẹ̀wà tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, nu ẹnu. "Ìyá Àkànjí, ẹ má bínú. Ebi ń pa ọmọ yín."

"Ebi kẹ̀? Nínú ilé tèmi?"

"Ẹnu rẹ̀ ló gùn jù. Ẹ wo eyín tèmi, ojoojúmọ́ ló ń hù. Bí n kò bá fi ha èkùrọ́, á gún mi lágbọ̀n. Ẹ gbé e sórí àpáta kó máa rìn. Ẹ fún un ní ewé tó yi, àti ìkarahun ìgbín kó máa ha."

"Ìkarahun! Bí ọmọ tí kò ní ìyá! Òkété, gbé abọ́ mi sílẹ̀ kí o máa lọ!"

Òkété kó ẹ̀wà tó kù sẹ́nu, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ.

"Ó jẹ ẹ́ tán kó tó lọ?" Gbénró béèrè.

"Wọ́n bú u ni, wọn kò ní kó pọ̀ ọ́."

Ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún. Ọrùn Àkànjí di tín-ín-rín bí okùn.

"Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, "mo fẹ́ jẹun."

Àwẹ̀ró fò dìde. Ọmọ tí òun kò jẹ́ kí òkúta gún ló ń kú lọ lọ́wọ́ òun yìí! Ó mú ọ̀bẹ, ó gé èékánná kan. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Ọmọ ké, ìyá ké ju ọmọ lọ. Ó sáré dé ẹnu ihò Òkété.

"Òkété, gbà mí!"

"Ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná, kí n tó jáde."

Ó sọ ọ́ nù.

"Ẹran ara wà nínú èékánná," Òkété wí. "Ẹ má gé e. Òkúta ni kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi òkúta tí ẹ fi ń pọ́n ọ̀bẹ máa ha ẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ẹ sì tú owó ẹyọ yẹn."

Láràárọ̀, Àwẹ̀ró ha ẹnu ọmọ rẹ̀, ó ro omi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó gbé e sórí àpáta. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń sunkún. Àkànjí ń wọ́ lọ, ó ń kọrin bú u. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá tó ń pọ̀n mí,
— Hàrà-hárà!
Ó sọ̀ mí sí àpáta,
— Hàrà-hárà!
Òkúta ń jẹ mí lẹ́sẹ̀,
— Hàrà-hárà!
Ó jókòó, ó ń wò mí,
— Hàrà-hárà!

"Má bínú, ọkọ mi," Àwẹ̀ró á wí. "Rìn díẹ̀ sí i."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó na ewé yánrin kan tó yi sí i. Àkànjí ya ẹnu, wàù! Ó gé ewé, ó gé ìka ìyá rẹ̀ mọ́ ọn.

Àwẹ̀ró fò sókè. "Ó bù mí jẹ o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi yọ̀, ọmọ mi bù mí jẹ!"

Ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jó. Àwọn ará àdúgbò wo ara wọn, wọ́n rọra kó àwọn ọmọ tiwọn wọlé.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, kí la rí kọ́?"

"Ká má pọn Ìjàpá," Gbénró dáhùn.

"Òun náà nìyẹn. Ìkẹ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ìyà ni. Ẹni tó bá sì sọ òótọ́ fún wa, ẹ má jẹ́ ká gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí mo bá Àwẹ̀ró dé rèé. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, kí Àkànjí wá gé mi láhọ́n."

"Kó má wá o!" ni àwọn ọmọ fi dáhùn.