Ọ̀pá Ọwọ́ Òsì

Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ bi Moróhunfólú nọ́ọ̀sì wò.

Ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ alárùn rọpárọsẹ̀ ní ìrìn ló fẹ́ ṣe lọ́la. Ìbéèrè ọ̀pá ló gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá: ọwọ́ wo ni aláìsàn yóò fi mú un? Ó kà á títí, kò dúró lágbárí.

Àrùn yìí kan náà ló mú apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó rọ yìí ni baba ṣì ń fi mú ọ̀pá. Ọ̀pá á bọ́, baba á jókòó padà.

"Bàbá, ẹ fi òsì mú un."

"A kì í fi òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣé òun ni n ó wá fi tẹ̀pá wọ inú ilé ọ̀hún?"

Moróhunfólú kúnlẹ̀. "Èmi ni kí ẹ ràn lọ́wọ́, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi yín kọ́ṣẹ́, kí n má tún fìdí rẹmi."

"Nítorí ìwé tìrẹ nìkan o!"

Baba fi òsì gbá ọ̀pá mú. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Háà! Ìyàwó wa, èmi rèé!"

Moróhunfólú fò sókè bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, bí ìbéèrè ọ̀pá ṣe yọjú, baba lẹ́nu ọ̀nà ló rí lọ́kàn. Ọwọ́ tó dá ṣáṣá ni! Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, baba ti dúró dè é lẹ́nu géètì, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì.

"Ṣé a yege?"

"A yege, bàbá!"