Ilẹ̀kùn Tí Ìrógbò Kọ̀ Láti Gbé

Nígbà tí ogun Jagunlabí pàgọ́ sí òdìkejì odò Aláwẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín Ìrógbò àti ìparun, ìkán sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Àpáta ló yí ìlú náà ká. Ojú kan tí ogun lè gbà wọlé ni àlàfo tóóró tó wà láàárín àpáta méjì, tí kò gbà ju ẹṣin kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì ni ẹnu-bodè wà. Àwọn àgbà ìlú ti ń sọ pé àwọn á tún un ṣe láti ìgbà tí àwọn bàbá wọn ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìránṣẹ́ Jagunlabí dé lọ́sàn-án gangan, ó ta ilẹ̀kùn náà nípàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọnú igi lọ. Ó yọ ọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Olúwa mi ní kí ẹ kó àwọn ọ̀dọ́ yín jáde fún okùn ẹrú," ló wí. "Bẹ́ ẹ bá kọ̀, a ó wọlé wá mú wọn láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín láti tilẹ̀kùn."

Olúrógbò, ọba ìlú, pe ìgbìmọ̀. Kò sí pákó tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kò sì sáyè láti gé igi. Ibì kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn ìrókò tó tó ẹnu-bodè wà, gbogbo wọn ló sì mọ ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀.

Ní Ìrógbò, ilé kì í di ilé àfi tí ìlú bá gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ ró. Onílé kò gbọdọ̀ gbé e fúnra rẹ̀. Ní ìpẹ̀kun ìlú, Odérìndé ọmọ Aperin, apẹfọ̀n-má-sá, ọdẹ tí ẹkùn ń rí tó ń rántí pé òun níṣẹ́ nílé, ń gbé pẹ̀lú Ṣówándé gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni tó gbẹ́ ìdajì ilẹ̀kùn tó wà nílùú. Àwọn méjèèjì fẹ́ra wọn. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán; wọ́n fẹ́ra bí tọkọtaya ṣe ń fẹ́ra, wọn kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣówándé ti fi ìrókò gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé wọn, ó fẹ̀ dáadáa, kí Odérìndé lè máa gbé ẹfọ̀n wọlé láì yí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ìlú wá gbé e, Ọ̀tún Bámgbálà dìde.

"Ilẹ̀kùn tọkọtaya là ń gbé," ló wí. "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta lọkọ, ta nìyàwó?"

"Baba," ni Odérìndé wí, "èmi ni mò ń pọnmi, òun ló ń sebẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń jẹ ẹ́. Ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ọ̀tún kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀kùn náà ti fara ti ògiri. Òjò ń wọlé, ewúrẹ́ Ọ̀tún náà sì ń wọlé. Òun nìkan ni aṣojú ìjọba tó ń bẹ̀ wọ́n wò.

Ìyálóde Ládùntán ló sọ ọ́ níkẹyìn: "Ẹ jẹ́ ká lọ bẹ àwọn tá a fi ṣẹ̀sín." Ṣówándé gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó wo ilẹ̀kùn náà títí, ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ." Gbogbo ìlú gbé e, Ìyálóde sì ń kùn lẹ́yìn wọn pé, "Ó mà ṣe o! Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé e sí lẹ gbé e kọjá yẹn."

Ilẹ̀kùn nìkan kò lè lé ogun. Odérìndé mọ ihò tí oyin pọ̀ sí nínú àpáta tó wà lókè ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìta ni èèyàn ti ń dé ibẹ̀. Nídàájí, ó jáde pẹ̀lú ọ̀pá gígùn.

"Má ṣílẹ̀kùn fún mi o," ló wí, "bí mo tilẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ."

"Tó o bá kú síta níbẹ̀, n ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́," ni Ṣówándé wí. Ó ti ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ síta, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Jagunlabí sáré wọ ọ̀nà tóóró náà bí ẹni tó ń lọ jẹun. Ẹni iwájú fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n, kò síbi à ń yà sí. Ìgbà náà ni Odérìndé ki ọ̀pá bọ ihò oyin. Ẹṣin kì í gbọ́rọ̀ sí olówó rẹ̀ lẹ́nu mọ́ bí oyin bá ti wọ̀ ọ́ létí. Wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí dé odò, wọ́n ní ojú Jagunlabí wú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin rẹ̀ kò fi dá a mọ̀.

Nígbà tí Ṣówándé ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹnì kan tó jókòó sábẹ́ àpáta, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti pàdé.

"Odérìndé, ṣé ìwọ nìyí?"

"Ta lo tún ń retí?"

Ọba fún ọdẹ náà ní oyè àti ilẹ̀, ó sì fi ìyàwó kan kún un. Odérìndé dọ̀bálẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ ṣé. Ọmọbìnrin yẹn, ẹ jẹ́ kó padà sílé, kò ṣẹ̀ yín. Nígbà tẹ́ ẹ gbé ilẹ̀kùn wa, kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló gbẹ́ ẹ, ta ló sì ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣáà gbà yín là. Ṣówándé á gbẹ́ òmíràn. Ẹ wá gbé e. Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ì báà jẹ́ ọkùnrin méjì, ì báà jẹ́ obìnrin méjì, ẹ gbé tiwọn náà. Ẹ má tún dúró de ogun."

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀tún. Ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Ṣé ó máa wúwo?"

"Ó máa wúwo, Baba."

"Ìdí rẹ̀ ni màá gbé," ni Ọ̀tún wí.

Nígbà tí Ṣówándé gbẹ́ òmíràn tán, Ọ̀tún gbé ìdí rẹ̀, ó sì ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń ro òun títí dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ewúrẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wọn, wọ́n sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Kò pẹ́ tí obìnrin aláró méjì tó fẹ́ra wọn fi wá, ìlú gbé tiwọn náà láìjanpata. Títí dòní, ilẹ̀kùn Ṣówándé ṣì wà ní ẹnu-bodè Ìrógbò. Bí ẹni méjì bá fẹ́ra, ìlú á gbé ilẹ̀kùn wọn. Ará ilé Ọ̀tún kan ló gbọ́dọ̀ mú ìdí rẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti ráhùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òfin gbà kí àwọn tó gbé e bi onílé, òun náà ni: "Ibo lẹ fẹ́ ká gbé e sí?"