Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n

Ọkùnrin kan wà tó jogún kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúdú gíga ni. Agogo idẹ kan wà lára rẹ̀ tí ìró rẹ̀ kò jọ ti kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n náà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń gbé ní Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, tí ọyẹ́ bá ti ń mú, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ yìí máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Wọ́n á kúrò ní Mọ́níyà lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n á fi gbogbo òru rìn kí oòrùn má bàa pa wọ́n, wọ́n á sì wọ ìlú ní ìdájí. Tí wọ́n bá ti wọlé, oníkálukú á yà sí ọ̀nà ilé tirẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, á tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá á ṣílẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ rin gbogbo òru nìyẹn.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bọ́ọ̀sì kékeré kan máa ń tẹ̀ lé wọn, ó ń ru ẹrù àti omi. Ẹni tó bá rẹ̀ lè wọ bọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì kì í tẹ agogo lọ́dún yẹn. Á kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Ẹ̀gbọ́n kú nígbà òjò. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn pé lọ́dún náà, ìyá wọn jí, ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ agogo lọ́tùn-ún, ó gbọ́ lósì. Kò gbọ́ ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, àbúrò pè é lórí fóònù. Ó ní, "Màámi, lọ́dún yìí ẹ máa gbọ́ ọ."

Ìyá bi í pé, "Ṣé agogo yẹn gan-an?"

"Agogo yẹn gan-an ni."

"Ó dáa. Màá ti jí dè ọ́."

Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹni náà ní kó gùn ún, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Ìjókòó yìí ga jù fún yín. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ lẹ fi ń wá pẹ́dà kiri. Ẹ jẹ́ n rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ máa jìyà o."

"Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gùn ún nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára òpó irin tó gbé ìjókòó dúró, níbi tí irin náà ti wọnú ara kẹ̀kẹ́. Lójú àbúrò, bí ẹni fọwọ́ síwèé ni àmì náà rí. Ó gun kẹ̀kẹ́ dé ìkóríta, ó gùn ún padà, kò rí nǹkan kan tó ń dùn ún. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí ìjókòó tí kò dára.

Àwọn méjìlá ló péjọ ní Mọ́níyà. Olórí wọn jẹ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Bàbá yìí ti fi awọ àgùntàn bo ìjókòó tirẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè títí ó fi dà bí ìwo màlúù. Ṣòkòtò rẹ̀ ní fóòmù nídìí.

Ìyá tó ń wa bọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ó ku ìrọ̀rí."

Bàbá ní, "Ìrọ̀rí wà nínú bọ́ọ̀sì rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lé e."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín sínú. Ó rántí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, tó nà ró ṣánṣán lórí kẹ̀kẹ́ dúdú, tó ń tẹ agogo. Kò sí awọ àgùntàn níbẹ̀.

Wọ́n gbéra. Iná kẹ̀kẹ́ méjìlá tò tẹ̀ léra lójú títì. Nígbà tí wọ́n dé Akínyẹlé, Bàbá dá wọn dúró, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló ń dùn ẹ́?"

Ọ̀kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní, "Ìdí mi ti kú, Bàbá. Ẹ bá mi túfọ̀ fún ìyàwó mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá fi sípánà tẹ imú ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọrùn ni. Wọ́n fa ìjókòó rẹ̀ síwájú. Ẹlòmíràn ní àtẹ́lẹwọ́ òun ti kú. Bàbá ní kó má máa fi gbogbo ara lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń ti ògiri. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kan ọkùnrin wa.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló ń dùn ẹ́?"

"Kò sí, Bàbá."

Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lórúnkún. Ó kọjá sí ẹni tó tẹ̀ lé e.

Ní Fìdítì: "Kí ló ń dùn ẹ́?"

"Kò sí."

Ní Ọ̀yọ́, Bàbá kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi sọ pé, "Kò sí."

Láti Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, ọ̀nà náà gùn, ó sì dá. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ìró ṣéènì nìkan ló kù, àti èémí. Ọkùnrin náà kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wá pẹ́dà lọ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ á yọ́ lọ sọ́tùn-ún. Bí tòsì bá wá a, á yọ́ lọ sósì. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ń ta á bíi kí iṣan ibẹ̀ já. Kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, àfi tó bá wò ó. Ó ń sọ fún ara rẹ̀: ó ku igi yẹn. Tó bá dé igi yẹn, ó ku afárá. Iná àwọn tó wà níwájú ń kéré, ó ń kéré, títí gbogbo rẹ̀ fi di iná ẹyọ kan.

Bọ́ọ̀sì rọra bá a dọ́gba.

"Bùrọ̀dá, ẹ wọlé."

"Rárá."

"Ẹsẹ̀ yín ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

"Òtútù wá mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo?"

Ó fẹ́ dá a lóhùn. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, ilẹ̀ jìnnà sí i, òun àti kẹ̀kẹ́ bá ṣubú sínú koríko. Ìyá náà tẹ fèrè bọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ díẹ̀, iná kan yà kúrò lára àwọn tó wà níwájú, ó ń padà bọ̀.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Kò fà á dìde. Ó jókòó tì í nínú koríko.

"Kí ló ń dùn ẹ́?"

"Kò sí."

Bàbá ṣí ike omi rẹ̀, ó mu, ó dé e. "Èmi ò kánjú. Kí ló ń dùn ẹ́?"

"Orúnkún."

"Ó tún ku kí ni?"

"Ẹ̀yìn. Ìdí. Ọwọ́." Ohùn rẹ̀ já. "Gbogbo ara ni, Bàbá."

"Láti ibo?"

"Ká tó dé Akínyẹlé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ."

Bàbá wò ó. Ó wá yíjú sí bọ́ọ̀sì. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í sọ!"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ó di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú. "Ta ni kì í sọ? Ẹni tó máa ń ké bí ewúrẹ́ láti Fìdítì?"

Bàbá ní, "Torí ẹ̀gbọ́n ẹ la ṣe ń béèrè. Ọdún tó kọ́kọ́ bá wa lọ, ó pa ẹnu mọ́ bíi tìẹ yìí. A ò tíì rìn dé ibi tí a wà yìí tó fi wọ bọ́ọ̀sì. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá yín bí àlejò. Nígbà tó dọdún kejì, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká máa bi oníkálukú léèrè, kí ẹni tí ojú bá ń tì lè rí ibi sọ ọ́."

Bàbá tú nọ́ọ̀tì ìjókòó, ó fa òpó irin náà yọ, ó gbé e sábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Àpá ibi tí nọ́ọ̀tì ti há irin náà mọ́ wà lára rẹ̀, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀.

"Kà wọ́n."

Ọkùnrin náà kà wọ́n. Ó jẹ́ méje.

"Ìgbà méje ló yí i, mo wà níbẹ̀. Ọ̀dà pupa tí ò ń wò yẹn, ibi tó bá a dé kẹ́yìn ni. Tó bá wà láyé, ó lè ti yí i kúrò níbẹ̀."

Bàbá ti irin náà padà. Ó ní kí ọkùnrin náà gùn ún, kó fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà. Ó rẹ ìjókòó wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan, ó wò ó, ó tún rẹ̀ ẹ́ ní ìka méjì sí i. Àmì pupa náà wọnú kẹ̀kẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó tún lè rí i.

"Ṣé kí n dè é?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí òpó náà. Ìka rẹ̀ wà níbi tí àmì náà wà tẹ́lẹ̀. Bàbá dúró. Ìyá tó wà nínú bọ́ọ̀sì pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́, òun náà dúró.

"Ẹ dè é, Bàbá."

Ìrora náà kò lọ. Ara tó ti fi gbogbo òru jìyà kì í gbàgbé lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹ́dà, ìdí rẹ̀ sì jókòó. Bàbá ṣáájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ara rẹ̀ dí afẹ́fẹ́ fún un. Ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí wọ́n wọ ìlú. Agogo àwọn yòókù ti dún tán.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ agogo idẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilẹ̀kùn ṣí kí ìkẹta tó dákẹ́. Ìyá wo agogo. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"O ti rẹ ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"Ìbínú kí ni? Ìṣọ̀lá, wọlé. Omi ti gbóná."

"Omi kí ni, Màámi?"

"Omi tí mo fi máa ń jó ìdí ẹ̀gbọ́n ẹ. Tó bá ti tẹ agogo tán, tó bá ti wọlé, tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn, orí ilẹ̀ níbí ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, á máa pariwo, 'Màámi, mo kú o.'"

Ìwọ olùkọ́ àgbà tuntun, má tíì dìde. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ilé ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ ni o ti ń dé kí ẹnikẹ́ni tó dé, torí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ṣáájú rẹ ṣe ń ṣe. Ìwọ lò ń wo gbogbo ìwé, ìwọ lò ń parí gbogbo ìjà, ìwọ náà lò ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. O ti rù. Bí a bá bi ọ́, o ní kò sí. Ibi àpéjọ òwúrọ̀ lo ti mọ ẹni tó ṣáájú rẹ yẹn, níbi tó ti ń nà ró níwájú gbogbo ènìyàn. Èmi ni mo ṣe igbákejì rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Nínú yàrá yìí ló ti máa ń gbé orí lé tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pín iṣẹ́ rẹ̀ fún wa, tó tún un pín, kó tó rí bí yóò ṣe gbé e.

Mo ti ti ilẹ̀kùn. Kí ló ń dùn ẹ́?